Orin Tí A Kì Í Jó: Òru Ẹ̀fẹ̀ Ní Ilẹ̀ Yewa

Ọdún 2007 ni Bùkọ́lá Elemide, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Aṣa, gbé àwo orin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Paris ni wọ́n bí i sí ní 1982, Èkó ló ti dàgbà, orin tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá ló sì ń fi gìtá kọ. Cobhams Asuquo ló bá a ṣètò àwo náà, ilé-iṣẹ́ Naïve ní ilẹ̀ Faransé ló gbé e jáde, nígbà tó sì di 2008 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Prix Constantin lọ́hùn-ún. Orin inú àwo yẹn tutù. Èyí tó pọ̀ nínú wọn a máa mú ènìyàn ronú, òmíràn a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ẹkún wá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìlaròó, tí àwọn ọmọkùnrin tó ń ta sídíì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sórí ẹ̀rọ, ohun tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ni pé, “Ó dùn o, àmọ́ kò ṣeé jó.” Wọ́n ń sọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń tọ́ka sí àléébù ọjà.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí ọmọ Yewa ló ń sọ ọ́. Ilẹ̀ Yewa yìí kan náà ni ẹnì kan ti í jókòó ronú orin fún oṣù bíi mélòó kan, tí yóò wá dá dúró láàárín ọjà lóru, tí yóò máa kọ ọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, tí tọmọdé tàgbà yóò sì dúró gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó bi í pé ṣé ó ṣeé jó. Ọjọ́ kejì ni ti ijó. Ti òru ọjọ́ yẹn, gbígbọ́ ni.

Ẹ̀fẹ̀ ni mò ń wí. Àwọn tó jìnnà sí wa mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọ̀sán: igi gbígbẹ́ lórí, aṣọ aláràbarà lọ́rùn, irin tó ń ró gbọnrangandan lọ́rùn ẹsẹ̀, méjì-méjì bí ìbejì. Wọ́n á ní ojú tó bá ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n òru tó ṣáájú ọ̀sán yẹn, etí ló ni ín. Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń rọ̀, láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, kí àgbẹ̀ tó wọ iṣẹ́ oko tán pátápátá, ni àsìkò rẹ̀. Wọ́n sì lè ṣe é nígbà mìíràn bí àgbàlagbà pàtàkì bá kú, tàbí bí ọ̀dá tàbí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ̀lú.

Ètò òru náà yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Ní Kétu, Ògbàgbà ni í ṣáájú, nítorí ti Èṣù. Arábí Ajígbálẹ̀ a wá gbálẹ̀ ọjà. Agbéná a gbé iná kọjá, lẹ́yìn rẹ̀ Apaná a dé, a sì pàṣẹ pé kí gbogbo iná kú. Inú òkùnkùn tó bá ṣú nígbà náà ni Tètèdé ti í wọlé, aya rere tí kì í pẹ́ lẹ́yìn, òun ni yóò fi orin pe Ẹ̀fẹ̀ jáde. Apaná yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Àwọn àgbà á sọ fún yín pé òru jẹ́ ti àwọn ìyá wa, àwọn tí a kì í pe orúkọ wọn lásán, àti pé iná kò gbọdọ̀ bá wọn pàdé. N kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n mo tún rò pé ẹni tó gbé ètò yìí kalẹ̀ mọ̀ pé bí ojú bá ṣì ń rí, etí kò ní gbọ́ tán.

Nígbà náà ni Ẹ̀fẹ̀ á yọ láti inú ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi màrìwò ṣe. Ìrùkẹ̀rẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, irin á wà lẹ́sẹ̀, aṣọ á bò ó dé ilẹ̀. Orí ni igi gbígbẹ́ náà wà, kò sí lójú, nítorí náà aṣọ ló bo ojú àti ẹnu akọrin. Ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ la aṣọ yẹn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dúró ní ìkángun ọjà, kò sì sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹni tí ohùn rẹ̀ kò bá já gaara kò lè ṣe é. Yóò kọ́kọ́ júbà: ó júbà Olódùmarè, ó júbà àwọn òrìṣà, ó júbà àwọn ìyá, ó júbà àwọn akọrin tó ti kú. Ìjúbà yìí lè gùn débi pé ọmọdé á ti máa sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kánjú. Ìyáàlù, ọmọ ìlù, òmẹ̀lẹ̀ akọ àti òmẹ̀lẹ̀ abo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ jáde, wọ́n á rọ̀ ọ́ sílẹ̀ fún ohùn.

Lẹ́yìn ìjúbà ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ̀fẹ̀ á dá orin kan tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, òun nìkan. Àwọn elégbè á gbà á, wọ́n á tún un kọ, wọ́n á tún un kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn á dara pọ̀, títí orin náà fi ń jáde láti gbogbo igun ọjà. Lẹ́yìn náà ni yóò tó dá òmíràn. Orin ọdún yìí kì í ṣe ti ọdún tó kọjá. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ nípa wa: ta ló jalè, ta ló ṣe ìyàwó rẹ̀ níkà, ìjòyè wo ló gba owó ìlú jẹ, ta ló kú tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé, kí ni ọdún tó ń bọ̀ yóò mú wá fún àwọn tó ń wá ọmọ. Ẹ̀rín wà nínú rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá di ọwọ́ òru, tí ó bá kan orin àwọn òkú ọdún náà, mo ti rí àgbà ọkùnrin tó fi etí agbádá nu ojú. Kò sì sí ẹni tó lè mú akọrin nítorí ohun tó kọ lóru yẹn, ìbáà ṣe ọba ni ó bá wí.

Ìtàn kan wà nínú Ifá pé Yemọja wá ọmọ títí, wọ́n ní kó gbé ère igi lé orí, kó kó irin sẹ́sẹ̀, kó sì jó. Ó ṣe é, ó bí ọkùnrin, wọ́n ń pe ìyẹn ní Ẹ̀fẹ̀ nítorí ó fẹ́ràn àwàdà àti orin. Ó tún bí obìnrin, ìyẹn sanra, ó sì mọ ijó jó, òun ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọkùnrin ni àkọ́bí. Orin ló ṣáájú ijó nínú ìtàn náà, bí òru ṣe ṣáájú ọ̀sán nínú ọdún wa. Ní ti ìlú tó ti bẹ̀rẹ̀, Kétu ń pè é ní tirẹ̀, Ìlóbìí ń pè é ní tirẹ̀, ẹjọ́ yẹn ti pẹ́ ju ẹnu mi lọ.

Ohun tó dá mi lójú ni ọ̀nà tí ogun gbà. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ Kétu ní 1886, wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lẹ́rú. Ìlú di ahoro. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Paris, wọ́n sì fa ààlà sáàárín ilẹ̀ wa. Ẹ wò ó bó ṣe rí: ọjọ́ tí wọ́n pín Kétu fún Faransé, kò sí ará Kétu nílé. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì, láàárín 1892 sí 1894, ni àwọn tó kù tó padà wá tún ilé kọ́. Wọ́n bá a pé Ìmẹ̀kọ, tí ó jẹ́ ọmọ ìyá wọn, ti wà lábẹ́ ìjọba mìíràn.

Ààlà yẹn pín oko, ó pín ìdílé, kò lè pín orin. Ẹ̀gbẹ́ ti Faransé le ju tiwa lọ: owó orí, iṣẹ́ àfipáṣe, àti nígbà ogun 1914 sí 1918, mímú àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọ iṣẹ́ ológun ní tipátipá. Àwọn Ọ̀họ̀rí tó wà nínú ilẹ̀ àbàtà kọ̀ jálẹ̀, wọ́n bá Faransé jà ní àkókò ogun yẹn. Ọ̀pọ̀ ìdílé mìíràn kò jà, wọ́n kàn di ẹrù lóru, wọ́n rékọjá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Orin wà lára ohun tí wọ́n gbé wá. Ní ìlú tí kò sí ìwé ìròyìn, tí ẹni tó bá sì fi ẹnu lásán sọ̀rọ̀ sí aláṣẹ Faransé lè ti ibẹ̀ wọ àhámọ́, abẹ́ aṣọ Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

Ọmọ Ìmẹ̀kọ kan ló mú èyí wọ inú ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Aṣíwájú, tí wọ́n bí ní 1939, ni ọ̀gá nínú ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ìwọ̀-oòrùn. Ìwé rẹ̀ lórí bí ìjọba òyìnbó ṣe rí lọ́dọ̀ wa láti 1889 sí 1945 jáde ní 1976. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀, nínú ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ṣe olóòtú rẹ̀ ní Ifẹ̀, ó kọ àpilẹ̀kọ gígùn lórí bí orin Ẹ̀fẹ̀ ṣe jẹ́ ẹ̀rí fún òpìtàn. Nígbà tí àwọn kan ṣì gbà pé ibi tí lẹ́tà àwọn aláṣẹ òyìnbó bá wà nìkan ni ìtàn wà, ó ní orin òru ọjà náà jẹ́ ìtàn. Mo ka àpilẹ̀kọ yẹn nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, ara mi sì yá gágá, nítorí mo mọ irú ènìyàn tó pa àwọn orin yẹn mọ́. Èmi àti wọn jọ ń gbé inú ilé kan náà.

Ìyá mi kì í ṣe akọrin. Gàrí ló ń yan ní Ayétòrò. Ṣùgbọ́n bí òru Ẹ̀fẹ̀ bá ti mọ́, tó bá jókòó ti agbada, orin tó gbọ́ lóru á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ọwọ́ rẹ̀ á máa fi igbá ro gàrí, ẹnu rẹ̀ á máa to orin náà ní ìlà-ìlà. Àwọn tí wọ́n jọ ń yan án á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti í bẹ̀rẹ̀.

“Ìyá Àlàbá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló wí o.”

“Báwo ló ṣe wí?”

“Ó kọ́kọ́ dárúkọ ilé wọn ná, kó tó wá kan ẹjọ́ ọkùnrin náà.”

“Irọ́ ni. Ẹ̀yìn ló dárúkọ ilé. Ìwọ sùn.”

Wọ́n á tún un tò títí gbogbo wọn á fi gbà. Èyí tí wọ́n bá gbà ni yóò wọ ọjà Ayétòrò, láti ibẹ̀ ni àwọn alájàpá á gbé e lọ sí Ìlaròó, sí Ìgbógílà, sí Ìmẹ̀kọ. Ìyá mi ní ìdánwò tirẹ̀. Bí ọjọ́ ọjà méjì bá kọjá tí orin kan kò tún sọ sí i lẹ́nu fúnra rẹ̀, ó ti pa á tì nìyẹn. Á ní, “Orin tí mi ò bá rántí, ẹni tó kọ ọ́ ni kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa.” Ó ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa akọrin tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù, kò sì fi ṣe àfojúdi. Iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń ṣe.

Ní ọdún kan, orin bá ọkùnrin kan tó ń ra gàrí lọ́wọ́ àwọn obìnrin wa wí. Kóńgò tó fi ń wọn gàrí ni ó ti fi òòlù na ìdí rẹ̀ síta, tó fi ń gba ju iye tó ń san lọ. Akọrin kò dárúkọ rẹ̀. Ìró òòlù lára agolo ló fi ẹnu ṣe, ó sì ní kí elégbè máa ṣe é tẹ̀ lé òun. Nígbà tí elégbè gbà á lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo obìnrin tó wà lọ́jà ló ti mọ ẹni náà. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, bí ó ti yọ, ọmọdé kan fi ẹnu ṣe ìró náà, ọjà dà rú fún ẹ̀rín. Kò bínú, kò gbọdọ̀ bínú. Ó ra kóńgò mìíràn. Bí àwọn obìnrin yẹn bá dákẹ́ lóru yẹn, tí wọn kò gbe orin náà, akọrin ì bá ti sọ̀rọ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé òmìnira tí Ẹ̀fẹ̀ ní láti wí ohun tó bá fẹ́, ọwọ́ àwọn tó ń gbọ́ ọ ló wà. Àwọn ìyá lè dáàbò bò ó lọ́run, elégbè ló dáàbò bò ó láyé.

Ó wá ṣe mí láàánú pé igi ló kọ́kọ́ gba gbogbo ìyìn. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà, wà ní Ìmẹ̀kọ ní 1950 sí 1951, ó wo iṣẹ́ Duga, agbẹ́gilére ńlá, ó sì kọ àpilẹ̀kọ kan lórí rẹ̀ nínú ìwé tó jáde ní 1973. Ó yẹ Duga, n kò ṣe ìlara rẹ̀. Henry àti Margaret Drewal gbé ìwé tiwọn jáde ní 1983, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Lawal gbé tirẹ̀ jáde ní 1996, àwọn wọ̀nyí sì fetí sí orin dáadáa. Síbẹ̀, ẹni tó bá wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, orí igi ni yóò bá nínú gíláàsì. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún ìran ènìyàn fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn ní 2008, inú mi dùn pé wọ́n ka orin mọ́ ohun tí wọ́n ń dá ààbò bò. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí kò lè gbe orin.

Nǹkan ti yí padà lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀sìn méjèèjì wọlé ṣinṣin, ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń pèsè elégbè kò wá mọ́. Ìmẹ̀kọ gan-an ti di ibi mímọ́ fún ìjọ Sẹ̀lẹ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n sin Wòlíì Oshoffa sí ní 1985, ẹni tó dá ìjọ náà sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1947. Bí Kérésìmesì bá dé, àwọn aláṣọ funfun á kún ìlú, wọ́n á sì kọrin mọ́jú. Orin òru kò kúrò ní Ìmẹ̀kọ, olórin ló yí padà. Bọ̀lọ̀jọ̀, tí í ṣe eré àwọn ọkùnrin wa, ṣì wà níbi ayẹyẹ. Rẹ́kọ́ọ̀dù àpàlà wọlé láti Abẹ́òkúta, Àyìnlá Ọmọwúrà sì di ẹni tí àwọn bàbá wa ń jókòó tì láti gbọ́ ohun tó wí, títí tó fi kú ní 1980. Àwọn tó ń sọ pé Yorùbá kò mọ̀ ju orin ijó lọ kò tíì rí àwọn bàbá yẹn lórí bẹ́ǹṣì, kí wọ́n dákẹ́ lọ kẹ́, kí ẹnì kan máa gbé abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn nítorí ọ̀rọ̀ kan tí kò gbọ́ dáadáa.

Láàárín irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni mo gbé Aṣa sí, àti Beautiful Nubia náà, dókítà ẹran tó di olórin. Nígbà tí àwo Aṣa tó ń jẹ́ Lucid jáde ní 2019, tó kún fún ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó bàjẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Pólì Ìlaròó fi nǹkan sí etí, ó ń gbọ́ ọ lóun nìkan nínú yàrá. Mo bi í pé kí ló ń wí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ tán ná.” Ìdáhùn yẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju ohunkóhun lọ. Ó ń gbọ́. Ohun tí kò ní ni ẹni tí yóò sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló wí, kí wọ́n jọ tún un tò. Orin tí ènìyàn kan kọ, tí ènìyàn kan dá gbọ́, lè wọ ọkàn ẹni náà jinlẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n kò lè mú ẹnikẹ́ni ra kóńgò tuntun.

Fóònù ló kù tí mo gbójú lé. Níbi tí wọ́n ṣì ti ń ṣe òru Ẹ̀fẹ̀, àwọn ọmọ ń ká a sílẹ̀, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí Èkó àti Kutọnu kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ orúkọ akọrin, ìlú àti ọdún sí i, nítorí ohùn lásán kò tó. Aṣíwájú ti ṣe ti àwọn ọdún ìṣáájú. Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Ní 1984 ìjọba ológun ti ààlà pa. Ní oṣù kẹjọ 2019 wọ́n tún tì í, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan àti ààbọ̀ kí wọ́n tó ṣí i, wọ́n sì pàṣẹ pé kí epo má ṣe dé ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Ẹni tó ń gbé Ìmẹ̀kọ tàbí Ìlara nìkan ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún aláàárẹ̀ tó fẹ́ dé ilé ìwòsàn lóru, tàbí fún ẹ̀rọ tó ń lọ gbágùúdá. Nínú ìwé ìròyìn Èkó, ọ̀rọ̀ ìrẹsì àti àwọn onífàyàwọ́ ló gba ojú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ apá tiwa, kó wá àwọn akọrin tó kọ ọ́ rí nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, kó sì mú àwọn obìnrin tó mọ orin náà lọ́wọ́ dání, nítorí àwọn ni yóò sọ èyí tó wí gan-an.